Ẹ Bi Wá Léèrè: Èwo Ló Yẹ Kó Bá Ètò Ìṣiṣẹ́ Wá Láti Ilé, Èwo Ló Yẹ Ká Fi Kún Un?

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kò jìnnà síra wọn. Àwọn ètò ìṣiṣẹ́ (operating system) bíi Linux, BSD àti Android tí kóòdù wọn wà ní gbangba ni wọ́n dá lé lórí. Ẹlòmíràn ń ráhùn pé ẹrù tó bá ètò ìṣiṣẹ́ wá láti ilé pọ̀ jù, ẹlòmíràn ní kò tó, ẹlòmíràn sì ni ohun tó fi kún un fúnra rẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́. A gé àwọn ìbéèrè kan kúrú. Bí àwọn àṣẹ tó wà ní ìlà ọ̀tọ̀ ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ wọ́n. A gbà pé ẹ̀ ń lo root, ìyẹn àkáǹtì alábòójútó tó lè ṣe ohun gbogbo lórí ẹ̀rọ, tàbí pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi sudo ṣíwájú àṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ni mo ń lò, díìsìkì rẹ̀ kò ju 32 GB lọ. Debian netinst, èyí tó kéré tó ń fa ìyókù láti íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi sí i kó lè fúyẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí apt, tí Debian fi ń gbé ètò wá, gbé ètò kékeré kan wá, ńṣe ló máa ń kó rẹpẹtẹ mọ́ ọn. Ṣé mo lè dá a dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè dá a dúró, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń dá dúró. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni pákéèjì (ètò tí wọ́n ti dì pọ̀) Debian ń gbà pe pákéèjì mìíràn mọ́ra. Depends ni àwọn tí kò lè ṣe láìsí wọn. Apt kò ní gbà kí ẹ fò wọ́n. Recommends ni àwọn tí olùtọ́jú pákéèjì náà rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn á nílò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò náà á ṣí láìsí wọn. Suggests jẹ́ àbá lásán. Láti ìgbà Debian 5.0, tó jáde lọ́dún 2009, ni apt ti ń kó Depends àti Recommends pọ̀ láìbèèrè, Suggests nìkan ló ń fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹrù yín ti ń wúwo.

Ẹ fi -s dán an wò kí ẹ tó gbé ohunkóhun wá. Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín, yóò kàn ka orúkọ ohun tó fẹ́ kó. Git, ètò tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń tọ́jú rẹ̀, la fi ṣe àpẹẹrẹ:

apt-get -s install git
apt-get -s install --no-install-recommends git

Ẹ fi èsì méjèèjì wéra. Orúkọ tó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ti ìkejì, Recommends ló mú un wá. Git yìí gan-an sì ni ẹ ó ti rí ewu tó wà nínú gígé gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ ó fi í sórí ẹ̀rọ láìsí Recommends, git --version á dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ clone (da kóòdù kọ wá) láti àdírẹ́sì https, ohun tí ẹ ó rí ni «server certificate verification failed. CAfile: none». Kò sí ohun tó ṣe git. Pákéèjì ca-certificates, tó ní àwọn ìwé-ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ sáfà tó jẹ́ òótọ́, wà lábẹ́ Recommends, ẹ sì ti fò ó. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ fúnra yín:

apt-get install --no-install-recommends git ca-certificates less

Tó bá jẹ́ SSH (ọ̀nà ààbò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè) lẹ fi ń gba kóòdù, ẹ fi openssh-client kún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí lọ lè kọ ìlà yìí sínú fáìlì tuntun kan nínú /etc/apt/apt.conf.d/, ká pè é ní 99recommends:

APT::Install-Recommends "false";

Lórí sáfà àti nínú container (àyè àdádó tí ètò kan ti ń ṣiṣẹ́), a fara mọ́ ọn. Lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń tẹ̀wé, tó fi ń gbọ́ orin, a ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe àṣìṣe tó ń pariwo lẹ ó máa rí níbẹ̀: ìwé kò ní jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwòrán kékeré kò ní hàn lórí fáìlì, ẹ ò sì ní mọ pé ìlà kan ṣoṣo tí ẹ kọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló fà á. Díìsìkì 32 GB tó Debian pẹ̀lú desktop. Tí àyè bá fún yín, ẹ kọ́kọ́ lo apt-get clean, nítorí àwọn fáìlì .deb tí apt-get gbé wálẹ̀ máa ń jókòó sí /var/cache/apt/archives títí ẹ ó fi lé wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń kọ́ OpenBSD. Ó yà mí lẹ́nu pé sáfà wẹ́ẹ̀bù, sáfà ímeèlì àti tmux wà nínú rẹ̀ láti ilé, síbẹ̀ kò sí bash, kò sí git, kò sí Python. Ta ló ń pín in báyìí? Ìkejì: mo fi gbogbo set X (àkójọ fáìlì tó wà fún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà) sílẹ̀ nígbà tí mò ń fi í sórí ẹ̀rọ, torí pé sáfà lásán ni. Pkg_add, tó ń gbé pákéèjì wá, wá kọ̀ láti gbé pákéèjì kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán.

ÌDÁHÙN: Ní Debian, pákéèjì ni gbogbo nǹkan, títí kan kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́) àti àṣẹ ls. OpenBSD kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìpìlẹ̀ kan tí ọwọ́ kan náà ń tọ́jú, tí wọ́n ń kọ́ pọ̀, tí wọ́n ń dán wò pọ̀, tí wọ́n sì ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kernel, láíbúrárì C, ksh, clang, OpenSSH, pf, httpd, OpenSMTPD àti tmux wà nínú ìpìlẹ̀ yẹn. Àfikún ni ìyókù. Ọ̀dọ̀ ports, àkójọ ètò àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n mú bá OpenBSD mu, ló ti ń wá, pkg_add ló ń gbé e, /usr/local ló sì ń gbé sí.

Ní ti ẹni tó ń pín in, àwọn tó ń kọ ètò náà ni. Wọ́n á bi ara wọn pé: ṣé a lè ka kóòdù yìí láti òkè délẹ̀, ká sì máa tún un ṣe fúnra wa? Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀, nítorí wọn kì í gba kóòdù tuntun tó wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL sínú ìpìlẹ̀, GPL sì ni bash àti git. Python kì í ṣe GPL, ṣùgbọ́n ó tóbi, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ń jáde lọ́dọọdún, kò sì sí ohun kan nínú ìpìlẹ̀ tó nílò rẹ̀. Perl wà níbẹ̀ nítorí pé Perl ni wọ́n fi kọ pkg_add fúnra rẹ̀. Ààlà yìí sì máa ń sún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Apache, sáfà wẹ́ẹ̀bù kan, fi wà nínú ìpìlẹ̀. Wọ́n mú nginx wọlé kó lè rọ́pò rẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ httpd tiwọn. Apache jáde ní ẹ̀dà 5.6 lọ́dún 2014, nginx náà tẹ̀ lé e ní 5.7 lọ́dún 2015. Ẹ ṣì lè fi pkg_add gbé méjèèjì wá. Ẹni tó ń dáhùn fún wọn ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dáhùn yìí ló máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wàhálà. Ọ̀nà àtúnṣe méjì ni OpenBSD ní, ìkan kì í ṣe iṣẹ́ ìkejì:

syspatch
pkg_add -u

Syspatch ń tún ìpìlẹ̀ ṣe lórí amd64, arm64 àti i386. Kì í wo /usr/local rárá. Ẹni tó ń lo syspatch lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò lo pkg_add -u rí lè ní OpenSSH tó mọ́ tónítóní pẹ̀lú PHP tí ihò ti lu láti ọdún tó kọjá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀dà méjì tó jáde kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, nítorí náà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ẹ gbọ́dọ̀ lo sysupgrade láti gbé ẹ̀dà tuntun wá, kí ẹ sì tún lo pkg_add -u lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ti X. Ọ̀pọ̀ pákéèjì tí kì í ṣí fèrèsé kankan ló ń lo láíbúrárì tó wà nínú set xbase. Ohun tó bá ń ya àwòrán tàbí tó ń kọ lẹ́tà sórí àwòrán, bíi ìmúgbòòrò gd ti PHP, á wá fontconfig tàbí freetype, inú xbase sì ni méjèèjì wà. Ìdí nìyẹn tí pkg_add fi ń sọ pé òun ò rí láíbúrárì. Ẹ má wulẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi uname -rm wo ẹ̀dà àti irú ẹ̀rọ yín, kí ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ̀dà 7.6 lórí amd64 la fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ yí nọ́ńbà náà sí tiyín:

cd /tmp
ftp https://cdn.openbsd.org/pub/OpenBSD/7.6/amd64/xbase76.tgz
ftp https://cdn.openbsd.org/pub/OpenBSD/7.6/amd64/SHA256.sig
signify -C -p /etc/signify/openbsd-76-base.pub -x SHA256.sig xbase76.tgz
cd /
tar xzvphf /tmp/xbase76.tgz
ldconfig -m /usr/X11R6/lib

Ìlà signify ló ń rí i dájú pé fáìlì náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Tí ẹ bá gbàgbé ldconfig, pkg_add lè gbà, síbẹ̀ ètò náà á ní òun ò rí láíbúrárì nígbà tó bá fẹ́ ṣí, àyàfi tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn. Nọ́ńbà set náà gbọ́dọ̀ bá ti kernel mu. Ẹ má fi xbase ẹ̀dà kan sórí òmíràn.

Ìmọ̀ràn tí ìwé OpenBSD fúnra rẹ̀ ń fún ẹni tuntun ni pé kó fi gbogbo set síbẹ̀, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ comp, tó ní clang (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe), torí ààbò. Olè tó ti wọlé lè gbé ètò tó ti kọ́ tán wá látibòmíràn. Ẹ̀yin ni iṣẹ́ á dí lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Rọ́tà mi ní flash 8 MB àti RAM 64 MB, OpenWrt 24.10, ètò ìṣiṣẹ́ Linux fún rọ́tà, ló wà lórí rẹ̀. Àyè ò tó fún WireGuard (VPN kan), mo wá fi opkg, tó ń gbé pákéèjì wá tó sì ń yọ wọ́n, yọ ppp kúrò. Àyè tó ṣẹ́ kù kò pọ̀ sí i. Ó dà bí ẹni pé ó tún dín kù! Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó dín kù lóòótọ́, ojú yín ò tàn yín jẹ. Flash rọ́tà náà pín sí apá mélòó kan. Apá kan jẹ́ squashfs, tí wọ́n ti fún pọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ image, ìyẹn fáìlì tó ní gbogbo ètò ìṣiṣẹ́ rọ́tà nínú. Kíkà nìkan ló ṣe é ṣe, /rom lẹ sì ti lè rí i. Ohun gbogbo tó bá OpenWrt wá láti ilé wà níbẹ̀. Apá tó ṣẹ́ kù ni /overlay, ibẹ̀ nìkan ni a lè kọ nǹkan sí. Nígbà tí ẹ ní kí opkg yọ ppp, kò lè pa á rẹ́ nínú /rom, ó kàn kọ àmì sínú /overlay pé kí wọ́n má fi hàn mọ́. Bí ẹni ta aṣọ bo àga ni: àga ò kúrò nílé, aṣọ sì ti gba àyè tirẹ̀. Ẹ fi èyí wò ó:

df -h /rom /overlay

Nǹkan kan náà ló dé tí opkg upgrade fi léwu lórí rọ́tà kékeré. Tí ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun ti pákéèjì tó wà nínú /rom wá, ògbólógbòó á wà ní /rom, tuntun á wà ní /overlay, ẹ ó san àyè lẹ́ẹ̀mejì. Tí /overlay bá kún pátápátá, rọ́tà lè má rí ibi kọ ètò yín sí mọ́, ó sì lè di pé ẹ ó wọ failsafe (ìtànná pàjáwìrì tí kì í lo /overlay) kí ẹ tó lè tún un ṣe.

Lórí rọ́tà, nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ bá image wá láti ilé, kí ẹ sì yọ ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Squashfs ń fún nǹkan pọ̀ ju /overlay lọ, pákéèjì kan náà yóò gba àyè tó kéré sí i níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà lè lọ sí firmware-selector.openwrt.org, kó wá orúkọ rọ́tà rẹ̀, kó ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí àkójọ pákéèjì, kó fi kún un, kó yọ níbẹ̀, kó sì ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Linux lè lo Image Builder, ètò tó ń kọ́ image, èyí tó bá target (irú ẹ̀rọ) rọ́tà rẹ̀ mu:

make info
make image PROFILE="orúkọ_rọ́tà_yín" PACKAGES="luci wireguard-tools luci-proto-wireguard -ppp -ppp-mod-pppoe"

Àṣẹ make info ló ń ka orúkọ PROFILE jáde. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú orúkọ túmọ̀ sí pé kí wọ́n má fi í sí i. Ẹ ṣọ́ra fún ohun mélòó kan níbí. Image tí OpenWrt ń gbé jáde ní LuCI (ojú-ìwé tí a ti ń ṣètò rọ́tà) nínú, ṣùgbọ́n Image Builder kì í fi í sí i àyàfi tí ẹ bá kọ luci. Ọ̀pọ̀ ló ti dáràn nítorí rẹ̀: rọ́tà ń ṣiṣẹ́, ojú-ìwé 192.168.1.1 kò ṣí, SSH nìkan ló kù. Ìkejì, tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín bá fún yín ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà PPPoE, ẹ má yọ ppp rárá. Ìkẹta, tí àkójọ yín bá pọ̀ ju flash lọ, Image Builder á sọ pé ó ti tóbi jù, fáìlì sysupgrade kò sì ní jáde. Kò ní ba rọ́tà jẹ́. Ẹ dín in kù kí ẹ tún un kọ́.

Fáìlì tó parí sí squashfs-sysupgrade.bin lẹ ó lò. Ó wà nínú bin/targets. Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń lo àṣẹ àkọ́kọ́ yìí, orí rọ́tà lẹ ti ń lo ìkejì:

scp -O fáìlì_yín.bin root@192.168.1.1:/tmp/
sysupgrade -v /tmp/fáìlì_yín.bin

Lẹ́tà O ńlá tó wà lára scp ṣe pàtàkì. OpenSSH tuntun ń lo SFTP fún scp, OpenWrt kò sì ní sáfà SFTP nínú láti ilé, nítorí náà láìsí -O fáìlì kò ní kọjá. Inú RAM ni /tmp wà, ẹ dá àwọn iṣẹ́ tó ń jẹ RAM dúró kí ẹ tó gbé fáìlì síbẹ̀.

Sysupgrade ń pa àwọn ètò inú /etc yín mọ́, àmọ́ kì í pa pákéèjì tí ẹ fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà mọ́. Tí ẹ bá tún gbé ẹ̀dà tuntun wá láìfi WireGuard sínú image, ètò rẹ̀ á wà nínú /etc/config/network, WireGuard fúnra rẹ̀ kò ní sí. Ẹ tọ́jú ìlà PACKAGES yín síbì kan. Àwọn pákéèjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kmod- kì í sì í gbà kí ẹ gbé wọn láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, kernel tí wọ́n kọ́ wọn fún gẹ́lẹ́ ni wọ́n mọ̀. Àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé 24.10 ti fi opkg sílẹ̀, wọ́n ń lo apk irú ti Alpine Linux, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ /rom àti /overlay kò yí padà.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ yọ ètò orin kan tó bá GNOME, desktop tí mò ń lò, wá lórí Debian. Apt ní òun á yọ pákéèjì «gnome» pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé desktop mi ò ní bá a lọ?

ÌDÁHÙN: Kò ní bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Pákéèjì gnome kò ní ètò kankan nínú tirẹ̀, orúkọ àwọn ẹlòmíràn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ Depends rẹ̀ bá kúrò, òun náà kò lè dúró. Autoremove (àṣẹ tó ń yọ pákéèjì tí kò sí ohun tó nílò wọn mọ́) tó lè tẹ̀ lé e ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí apt lè ka àwọn tí gnome mú wá sí aláìní-olúwa, kó sì fẹ́ gbá gbogbo wọn dànù. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun:

apt-mark manual gnome-core
apt-get -s autoremove

Ìlà àkọ́kọ́ sọ fún apt pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ gnome-core, èyí tó gbé desktop dúró. Ìlà kejì ni kí ẹ tún lò lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ètò orin náà tán, kí ẹ ka àkójọ rẹ̀ lórúkọ lórúkọ. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ fi apt-mark manual dì í mú.

Ní Ubuntu, Recommends ni ọ̀pọ̀ ohun tí ubuntu-desktop ń pè, ẹ lè yọ ètò kan láìjẹ́ kó ṣubú. Láti 23.10, àkójọ kékeré ni Ubuntu ń fi sórí ẹ̀rọ àyàfi tí ẹ bá yan èyí tó kún. A rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Fídíò H.264 kì í ṣí dáadáa lórí Fedora mi. Lórí Debian ọ̀rẹ́ mi, ó ń ṣí. Ìṣòro kọ̀ǹpútà mi ni àbí kí ni?

ÌDÁHÙN: Ìṣòro òfin ni. H.264 àti H.265, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, ní páténtì lórí, Red Hat tó ń ṣe agbátẹrù Fedora sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Nítorí náà ffmpeg-free, ìyẹn ffmpeg tó ń ṣí fídíò àmọ́ tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ni Fedora ń fún yín. Lọ́dún 2022 wọ́n tún yọ ìrànlọ́wọ́ káàdì àwòrán fún irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú Mesa, àkójọ ètò tó ń darí káàdì àwòrán. Cisco ń kọ́ OpenH264, òun ló ń san owó páténtì rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ní àká tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Fedora. Páténtì kì í wà títí ayé: MP3 náà wà ní ìta tẹ́lẹ̀, láti 2017 ni Fedora ti lè gbà á wọlé pátápátá.

Èyí tó kù wà nínú RPM Fusion, àká pákéèjì kan tí kì í ṣe ti Fedora fúnra rẹ̀:

dnf install https://mirrors.rpmfusion.org/free/fedora/rpmfusion-free-release-$(rpm -E %fedora).noarch.rpm
dnf swap ffmpeg-free ffmpeg --allowerasing

Ẹ lo swap. Tí ẹ bá lo install lásán, dnf á sọ pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà. Káàdì AMD á tún nílò mesa-va-drivers-freeworld. Nígbà tí Fedora bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ẹ fún RPM Fusion láyè díẹ̀ kó bá a dọ́gba kí ẹ tó gòkè, torí àwọn pákéèjì rẹ̀ lè máa fa ìgbésókè yín sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí LineageOS, Android tí àwọn aṣèyọ̀ǹda ń kọ́, kò ní Play Store? Mo fi GApps (àkójọ áàpù Google) sí i lẹ́yìn tí mo ti tan fóònù, gbogbo nǹkan wá ń kú lójú mi.

ÌDÁHÙN: Kóòdù Android wà ní gbangba, àwọn áàpù Google kò sí ní gbangba. Lọ́dún 2009, Google kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣe CyanogenMod, Android mìíràn tí wọ́n tún kọ́, pé kó yéé kó áàpù àwọn mọ́ ọn. Látìgbà náà ni GApps ti di àfikún lọ́tọ̀. LineageOS tó jogún CyanogenMod ń tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Inú recovery (ètò kékeré tí a fi ń gbé ètò ìṣiṣẹ́ sórí fóònù) lẹ ti gbọ́dọ̀ fi GApps síbẹ̀, kí fóònù tó tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni Android ń pín àṣẹ fún àwọn áàpù inú system, èyí tó bá pẹ́ dé kì í rí tirẹ̀ gbà bó ṣe yẹ. Lórí fóònù tó ní apá A àti B (àyè méjì fún ètò ìṣiṣẹ́), ẹ fi LineageOS sí i, ẹ padà wọ recovery, kí ẹ tó wá fi GApps sí i, nítorí láìpadà wọlé apá àtijọ́ ni GApps á bọ́ sí. Nọ́ńbà Android àti irú ẹ̀rọ, arm tàbí arm64, gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ní ti fóònù yín, ẹ kó fáìlì yín jáde, ẹ ṣe factory reset, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làálàá. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà 20, dátà orí fóònù la fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. A fẹ́ fi Debian sórí gbogbo wọn. Ṣé netinst ni ká lò àbí DVD?

ÌDÁHÙN: Netinst lórí kọ̀ǹpútà 20 láìsí ètò kankan túmọ̀ sí pé ẹ ó ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì. Ẹ dáńlóòdù DVD-1 lẹ́ẹ̀kan níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ẹ kọ ọ́ sórí flash, kí ẹ fi ṣe gbogbo wọn. Desktop wà nínú rẹ̀, ẹ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá láti parí rẹ̀.

Kété tí ẹ bá parí, ẹ wo /etc/apt/sources.list. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú deb cdrom: máa ń wà níbẹ̀, apt á sì máa ní kí ẹ fi díìsìkì wọlé ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi # síwájú rẹ̀.

DVD kò ní àtúnṣe ààbò tó jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é, ẹ ṣì máa nílò ọ̀nà tí wọ́n á gbà wọlé. Ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tó ní àyè 20 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un ní àdírẹ́sì IP tí kì í yí padà, ká ní 192.168.1.10, kí ẹ fi apt-cacher-ng, tó ń tọ́jú pákéèjì tí ọ̀kan ti gbà fún àwọn tó kù, sí i. Port 3142 ló ń dúró sí. Lórí àwọn 19 tó kù, ẹ ṣe fáìlì /etc/apt/apt.conf.d/00proxy:

Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";

Ohun tí ọ̀kan bá gbà, àwọn tó kù á gbà á láti ara kọ̀ǹpútà yẹn láìná dátà. Àwọn ìlà inú sources.list gbọ́dọ̀ jẹ́ http, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ https. Pẹ̀lú https, ẹ ó rí «CONNECT denied», nítorí apt-cacher-ng kò lè wo inú ohun tí wọ́n ti dì, kò sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù http níbí. Apt ń yẹ àmì ìbuwọ́lù Debian wò kó tó gba pákéèjì kankan, ọ̀nà yòówù kó gbà dé.

Tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ lo netinst lọ́jọ́ iwájú, installer máa ń béèrè HTTP proxy níbi tó ti ń yan mirror (sáfà tó ń pín pákéèjì Debian). Ẹ kọ http://192.168.1.10:3142/ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ná dátà. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà 192.168.1.10 bá wà ní pípa, apt kò ní ṣiṣẹ́ lórí àwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa á.